Èdè-Ìperí fún Ètò Ìrìn-Àjò Afẹ́ pẹ̀lú Ọmọ Tí Ó Ní Ọ́tísíìmù

1. Ìfáàrà

Láti ìgbà tí a ti tẹ Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi ṣàlàyé gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni èdè-ìperí ti wúlò. Òbí tí ó ń ṣe ètò fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ nílò ọ̀rọ̀ tí ó péye, bí oníṣègùn ti nílò rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, bí a ṣe bá wọn pàdé nínú ìwé ètò kan ṣoṣo.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ọmọ méjì ni ó bí: ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 àti obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 6. Àwọn méjèèjì ní ọ́tísíìmù. Òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó wọn lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ Walt Disney World ní ìpínlẹ̀ Florida. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí ti Ìbàdàn lọ bá wọn, òun ni yóò sì máa di ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ mú nínú ọgbà. Màmá mọ Yorùbá kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe fi ìwé ètò olójú ewé mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi, tí ó ní: ‘Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ di Yorùbá tí màmá mi yóò lè tẹ̀ lé.’ Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ìtumọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n mú ọmọkùnrin náà lọ sí ilé ìtajà ńlá kan láti fi ṣe ìdánrawò. Iná tàn yòò níbẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo, èrò sì pọ̀. Ìyá ọmọ lọ sanwó, ó fi òun àti Màmá sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ọwọ́ di etí, ó wó lulẹ̀, ó sì ń lọgun. Màmá bá a wí, ó sì fà á lọ́wọ́ kí ó dìde. Igbe náà wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ju ogójì ìṣẹ́jú lọ kí ó tó rọlẹ̀. Nígbà tí mo bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ní: ‘Ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú yóò máa bí i lójijì. Ọmọ tí ó bá ń bínú kiri, ṣé a kì í bá a wí ni?’

Mo ṣí ìtumọ̀ mi wò. Lóòótọ́, ‘ìbínú òjijì’ ni mo kọ. Màmá kò ṣì í ṣe rárá. Ohun tí mo kọ ni ó tẹ̀ lé. Èmi ni mo sọ ohun kan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni ó sì jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ dábàá nínú àpilẹ̀kọ yìí pé kí a máa fi ìṣe dán ọ̀rọ̀-ìperí wò. Kí a má ṣe bi ara wa pé ‘Ǹjẹ́ ó dùn létí?’ nìkan. Kí a tún béèrè pé: ‘Kí ni ẹni tí ó bá kà á yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?’

2. Ohun tí ó yẹ kí ògbufọ̀ mọ̀ nípa ọ́tísíìmù

Àwọn àgbà wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde wá. Eugen Bleuler, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland, lò ó nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1911. Inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ‘ara ẹni’ ni ó ti fà á yọ, ó sì fi ń ṣàpèjúwe bí àwọn aláìsàn ọpọlọ kan ṣe ń fà sẹ́yìn sínú ara wọn. Ní 1943, Leo Kanner, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun mìíràn. Ó ṣàpèjúwe ọmọ 11 tí ìbáṣepọ̀ wọn pẹ̀lú ènìyàn yàtọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ kí nǹkan wà bákan náà nígbà gbogbo. Ní 1944, Hans Asperger kọ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Vienna.

Ní 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tẹ ẹ̀dà karùn-ún ìwé ìlànà wọn jáde. Wọ́n kó oríṣiríṣi orúkọ tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ìsọ̀rí kan ṣoṣo tí ó ní ìpele púpọ̀. Wọ́n sì fi ohun kan tí ó ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ wa kún un: pé ìró, ìmọ́lẹ̀, òórùn, ìtọ́wò tàbí ìfọwọ́kàn lè wọ ẹni tí ó ní ọ́tísíìmù lára ju bí ó ti ń wọ ẹlòmíràn lọ, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ariwo kékeré létí wa lè jẹ́ ìrora létí ọmọ náà.

Ìtàn yìí ní ẹ̀kọ́ kan nípa ẹ̀bi. Ní 1967, Bruno Bettelheim tẹ ìwé kan jáde tí ó di ẹ̀bi ọ́tísíìmù ru àwọn òbí, bí ẹni pé àìfẹ́ràn ọmọ ni ó fà á. Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù, ti kọ̀wé ní 1964 láti fi hàn pé inú ìṣẹ̀dá ara ni kí a ti wá ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Rimland ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ̀ sí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ti ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn. Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́bi bẹ́ẹ̀. Bí a bá pe ọmọ ní dìndìnrìn, a ti sọ pé kò lè kọ́ nǹkan kan. Bí a bá pè é ní wèrè, a ti lé e jáde kúrò láàárín ẹgbẹ́. Bí a bá pè é ní emèrè, ètùtù ni ìdílé yóò máa wá kiri dípò olùkọ́.

Kí wá ni kí a pè é? Àwọn kan lè dábàá ‘àdánìkanwà’, láti fi tẹ̀ lé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà. A kò fara mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fẹ́ dá wà rárá. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ó máa ń jókòó lé. Bí a bá kọ ‘àdánìkanwà’ fún ìyá àgbà, yóò fi ọmọ sílẹ̀ kí ó dá wà. Nítorí náà, a yan ọ̀rọ̀-àyálò, ọ́tísíìmù, tí ó bá ìró èdè wa mu bí ọ́fíìsì ṣe bá a mu. Ọ̀rọ̀-àyálò kò ní ìtumọ̀ burúkú tí ó ti ń gbé bọ̀ láti ilé. Àlàyé tí a bá ṣe ni yóò fún un ní ìtumọ̀.

Àríyànjiyàn kan tún wà láàárín àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì: ṣé orúkọ ènìyàn ni kí ó ṣáájú ni, àbí orúkọ ọ́tísíìmù? Ní Yorùbá, ètò ọ̀rọ̀ ti yanjú èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó máa ń ṣáájú ẹ̀yán rẹ̀: ọmọ ọlọ́tísíìmù, ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a ṣọ́. Àfòmọ́ a- nínú afọ́jú àti adití fi ohun tí ó fọ́ tàbí tí ó dí sọ ènìyàn lórúkọ. Oní- kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń sọ pé ènìyàn ní nǹkan ni: onílé, ọlọ́jà. A lè lo ọlọ́tísíìmù láìtàbùkù ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí a má ṣe kọ ‘alárùn ọ́tísíìmù’, nítorí ẹni tí ó bá ka àrùn yóò máa wá ìwòsàn.

3. Ìlànà mẹ́ta

Nígbà tí a padà sí ìtumọ̀ náà, ìlànà mẹ́ta ni a là sílẹ̀:

(a) Kí ọ̀rọ̀ má ṣe di ẹ̀bi ru ọmọ tàbí òbí rẹ̀.
(b) Kí ó fi ohun tí ó fa ìṣẹ̀lẹ̀ hàn, tàbí ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí i.
(d) Kí ó bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, kí ó sì ṣeé sọ kíákíá láàárín èrò.

4. Àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀

4.1 Ọgbà ìgbafẹ́ onítàn

Ọgbà tí à ń wí yìí yàtọ̀ sí ọgbà ìgbafẹ́ lásán. Ìtàn ni a fi kọ́ ọ: ilé, ọkọ̀, orin àti aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń sọ ìtàn kan náà. Disneyland tí a ṣí ní California ní 1955 ni ó sọ irú ọgbà yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká. A ṣí Walt Disney World nítòsí Orlando ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí éékà 25,000, ọgbà onítàn mẹ́rin ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè rìn ín tán ní ọjọ́ kan ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àkòrí ni a sábà máa ń fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣáájú nínú orúkọ irú ọgbà yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi oní- ṣáájú àkòrí, alákòrí ni yóò jáde, ọ̀rọ̀ èébú tí kò yẹ kí a kọ sí ojú ìwé ọmọ kankan. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn: oní- + ìtàn di onítàn. Kí olùkọ́ fi àpẹẹrẹ yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ìlànà ìṣẹ̀dá lè tọ́ kí ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá má sì ṣeé lò.

4.2 Ìmọ̀lára àti ìwọ̀n rẹ̀

Àwọn ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá ti ń lo ẹ̀yà ìmọ̀lára fún etí, ojú, imú, ahọ́n àti awọ ara. Ṣùgbọ́n à ń lo ìmọ̀lára fún ìbànújẹ́ àti ayọ̀ pẹ̀lú. Bí a bá kọ ‘àpọ̀jù ìmọ̀lára’ nìkan, òǹkàwé lè rò pé ọmọ náà ń banú jẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́ pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí à ń gbọ́ ohùn, à ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Ohun tí a ṣe ni pé a kò dá ìmọ̀lára fi sílẹ̀; a máa ń dárúkọ ẹ̀yà ara tí ọ̀rọ̀ kàn: ìwọ̀n etí, ìwọ̀n ojú, ìwọ̀n imú.

Ọ̀nà yìí bá ìwé atọ́nà tí àwọn ọgbà kan ń tẹ̀ mu. Sesame Place ní Pennsylvania, tí ó di ọgbà onítàn àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó gba ìwé ẹ̀rí ibùdó ọ́tísíìmù ní 2018, ní ìwé atọ́nà tí ó fi nọ́ńbà láti 1 dé 10 díwọ̀n bí ohun ìṣeré kọ̀ọ̀kan yóò ṣe wọ ẹ̀yà ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan lára. Ìyá àwọn ọmọ yìí fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣe ìwé tirẹ̀ fún Florida. Bí Màmá bá rí i pé ‘ìwọ̀n etí 8’ ni a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ohun kan, ó mọ̀ pé etí ni kí òun dáàbò bò, tàbí kí àwọn má ṣe wọ ibẹ̀ rárá.

4.3 Ìkúnwọ́sílẹ̀

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ pè ní ìbínú. Orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá tú u ní tààrà, ni ‘yíyọ́ sílẹ̀’, bí òrí ṣe ń yọ́ nínú oòrùn. Àfiwé yìí kò sọ ohun tí a ó ṣe. Mo tún bá Màmá sọ̀rọ̀, mo sì bi í pé: ‘Màmá, kí ni ẹ rí gan-an lójú ọmọ náà lọ́jọ́ náà?’ Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: ‘Ní báyìí tí mo rò ó, inú kọ́ ni ó ń bí i. Ó ti kún ni. Bí omi bá sì kún ìkòkò, a kì í na ìkòkò.’

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá kiri nínú ìwé atúmọ̀ èdè nìyẹn. Ìkòkò kún nítorí omi tí ń bọ̀ láti ìta. Kí a dá omi náà dúró ni iṣẹ́ tí ó kàn. A ṣẹ̀dá ìkúnwọ́sílẹ̀ láti inú ì- àti kún wọ́ sílẹ̀. A kò lo àkúnwọ́sílẹ̀, nítorí pé ó ti di ọ̀rọ̀ ìbùkún nínú àdúrà. Ọ̀rọ̀-orúkọ yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìwé ni ó wà fún. Lẹ́nu, gbólóhùn ni à ń lò: ‘Ó ń kún’, ‘Ó ti kún’. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì wúlò gidigidi, nítorí ìgbà tí ọmọ bá ṣì ń kún ni ìrànlọ́wọ́ rọrùn jù: ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í di etí, kí ó máa rìn síwá sẹ́yìn, kí ó máa tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ.

Kí a fi wé ẹkún àkẹ́jù. Ọmọ tí ń sun ẹkún àkẹ́jù ń fẹ́ nǹkan. Ó máa ń wò wá lójú láti mọ̀ bóyá a ó fún un, bí a bá sì fún un, ẹkún tán. Ìkúnwọ́sílẹ̀ kì í tán nítorí pé a fún ọmọ ní nǹkan. Ibi tí ó tutù, ohùn tí ó lọ sílẹ̀ àti àsìkò ni ó ń mú un tán. Bákan náà, bí ọmọ bá ń ju ọwọ́ lọ́nà kan náà tàbí ó ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, a pe èyí ní àṣetúnṣe atunilára. Ẹni tí ó bá ka atunilára yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a dá dúró.

4.4 Ìdúró ìta-ìlà

Ní ọgbà Disney, ètò kan wà tí a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2013, tí a sì tún ṣe ní 2024, fún àwọn tí ọ́tísíìmù tàbí ohun tí ó jọ ọ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ lórí ìlà. Ìdílé yóò ti bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí ó ń gbé àwòrán àti ohùn kí wọ́n tó lọ. Bí a bá gbà wọ́n, tí ìlà kan sì ń gba wákàtí kan, a ó fún wọn ní àkókò ìpadà tí ó bá a dọ́gba. Wọ́n lè lọ jókòó síbi tí ó dákẹ́ kí àkókò náà tó pé.

‘Àǹfààní àìtò’ ni mo kọ́kọ́ kọ. Màmá kò fẹ́ ẹ. Ó ní: ‘Ṣé a ó wá máa já ìlà mọ́ àwọn tí wọ́n ti ń dúró láti àárọ̀ lójú ni?’ Ojú ń tì í, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí ọ̀rọ̀ mi ti sọ ètò náà di ìrẹ́jẹ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ náà ń dúró bí ẹlòmíràn. Ibi tí ó ti ń dúró ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, ìdúró ìta-ìlà ni a pè é. A pe àkókò tí a fún wọn ní àkókò ìpadà. Ètò mìíràn tún wà tí àgbàlagbà kan ti lè gun ohun ìṣeré kí èkejì dúró ti ọmọ tí kò fẹ́ gùn, kí wọ́n sì pààrọ̀ láìpadà sẹ́yìn ìlà. A pe èyí ní ìpààrọ̀ alágbàtọ́. Kí ògbufọ̀ kíyè sí i pé ọgbà kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀, òfin náà a sì máa yí padà. Kí ó rọ òbí láti wádìí kí ó tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

4.5 Ìtàn ìmúrasílẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Carol Gray, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, gbé irú ìtàn kúkurú kan jáde tí a fi ń ṣàlàyé ohun tí ọmọ yóò bá pàdé fún un ṣáájú. Ó lè wu ògbufọ̀ láti pè é ní àsọtẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wòlíì àti babaláwo nìyẹn. Ìtàn ìmúrasílẹ̀ ni a yàn. Àtẹ àwòrán-ètò ni ó ń tẹ̀ lé e: àwòrán tí a tò bí iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò ṣe tẹ̀ léra wọn.

Ohun méjì ni kí a ṣọ́ nínú ìtàn ìmúrasílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni atọ́ka ọjọ́-iwájú. Yóò jẹ́ ìlérí. Bí a bá kọ ọ́ pé ‘A ó wọ ọkọ̀ ojú omi’, tí ọkọ̀ náà sì bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, a ti purọ́ fún ọmọ tí ó di ọ̀rọ̀ mú ṣinṣin. Ó sàn kí a kọ: ‘Ó ṣeé ṣe kí á wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ kì í ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a lè wọ ọkọ̀ ojú irin.’ Èkejì ni àkànlò èdè. Màmá ń bá àwọn ọmọ náà sọ Yorùbá, wọ́n sì gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan, ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé kí ó fara balẹ̀. Ọmọ náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò ṣàfojúdi, ó fi ara balẹ̀ bí a ṣe ní kí ó ṣe é. Nínú ìtàn ọmọ, ‘jókòó’, ‘mí sínú’, ‘mí síta’ ni kí a kọ.

4.6 Ìbòtí, yàrá ìfarabalẹ̀ àti ìrìnkúrò

Láti 2020 ni gbogbo wa ti mọ ìbòmú. Ìlànà kan náà ni a fi ṣẹ̀dá ìbòtí, ohun tí a fi ń bo etí láti dín ariwo kù. Yàrá tí ọmọ lè lọ nígbà tí ó bá ń kún ni a pè ní yàrá ìfarabalẹ̀. A kò lo ‘yàrá ìdákẹ́jẹ́’, nítorí ẹni tí ó bá kà á lè máa pàṣẹ fún ọmọ pé kí ó panu mọ́. Ìtumọ̀ fara balẹ̀ tí a rí lókè yìí kò dí wa lọ́wọ́, nítorí àgbàlagbà ni orúkọ yàrá náà wà fún. Àwòrán ni a ó fi hàn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó jù ni ìrìnkúrò. Àwọn ọmọ kan tí wọ́n ní ọ́tísíìmù a máa rìn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn láìdágbére. Bí a bá kọ ‘ó sá lọ’, a ti sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀, ohun tí yóò sì wá sọ́kàn ni ìjìyà nígbà tí a bá rí i. Omi máa ń fa ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tí wọ́n sì ti rì sómi kò kéré. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ́ gàdàgbà: bí ọmọ bá rìn kúrò, etí omi tí ó súnmọ́ jù ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ibòmíràn.

5. Ètò náà gẹ́gẹ́ bí a ṣe tún un kọ

Ẹ jẹ́ kí á wo díẹ̀ nínú ohun tí Màmá gbà lẹ́yìn àtúnṣe:

(1) Ọmọ yìí kò ṣàìsàn, kò sì ya aláìgbọràn. Ariwo, iná àti èrò máa ń kún un ju bí wọ́n ṣe ń kún wa lọ.
(2) Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ bá a wo àtẹ àwòrán-ètò. Bí ohun kan bá yí padà, ẹ yí àwòrán náà padà lójú rẹ̀.
(3) Kí ìbòtí wà nínú àpò yín, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Kí oúnjẹ tí ó mọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.
(4) Kí nọ́ńbà tẹlifóònù ìyá rẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.
(5) Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ ọgbà, kí èrò àti oòrùn tó pọ̀. Ní ọ̀sán, ẹ padà sí ilé ìtura.
(6) Bí ó bá ń kún, ẹ má bi í ní ìbéèrè. Ẹ mú un jáde, ẹ jókòó tì í, ẹ dákẹ́.
(7) Bí ó bá ti kún, ẹ má fà á. Ẹ dúró láàárín òun àti èrò. Kò sí ẹni tí ẹ jẹ ní àlàyé.
(8) Bí ọjọ́ bá parí lẹ́yìn wákàtí méjì, ọjọ́ ti parí nìyẹn. Kì í ṣe àdánù.

Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ náà nìyí fún àwọn ògbufọ̀ àti olùkọ́:

autism — ọ́tísíìmù
theme park — ọgbà ìgbafẹ́ onítàn
sensory guide — ìwé atọ́nà ìmọ̀lára
meltdown — ìkúnwọ́sílẹ̀; ó ti kún
tantrum — ẹkún àkẹ́jù
stimming — àṣetúnṣe atunilára
waiting outside the queue — ìdúró ìta-ìlà
return time — àkókò ìpadà
rider switch — ìpààrọ̀ alágbàtọ́
social story — ìtàn ìmúrasílẹ̀
visual schedule — àtẹ àwòrán-ètò
ear defenders — ìbòtí
quiet room — yàrá ìfarabalẹ̀
wandering — ìrìnkúrò

6. Ìkádìí

A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni òpin. Kí àwọn olùkọ́ gbé wọn lọ sí kíláàsì, kí wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n sì fi èyí tí ó bá dára ju tiwa lọ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe parí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sórí tábìlì. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá tí ó wà lókè yìí, èyí tí ó wúlò jù kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó di ọmọ lọ́wọ́ mú ni a ti gbà á.

Ìdílé náà lọ sí Florida ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ooru kò tíì mú. Ọmọbìnrin náà wọ ọkọ̀ ojú omi olórin tí wọ́n ń pè ní ‘it's a small world’ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí orin kan náà ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kò fẹ́ wọ ohun ìṣeré kankan. Ọkọ̀ ojú irin orí òpó tí ń gbé èrò wọ ọgbà ni ó fẹ́, òun àti Màmá sì fi òwúrọ̀ kan gùn ún lọ, gùn ún bọ̀. Mo bi Màmá pé báwo ni ọjọ́ náà ṣe rí. Ó ní: ‘Ó kún lẹ́ẹ̀kan, Ọ̀mọ̀wé. Mo mú un jáde, mo jókòó tì í, mo dákẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi na ọwọ́ sí mi pé kí á máa lọ.’